Ẹyẹ Tó Ké Lóru Kọ́ Ló Pa Ọmọ

 

Ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń wá síbi ọpọ́n mi l'Ákùúrẹ́: "Baba, ẹyẹ ké lórí òrùlé wa lóru. Ta ló ń bá wa jà?" Kí n tó fèsì, wọ́n á ti dárúkọ ìyá àgbà kan ládùúgbò.

Òwe ni wọ́n gbójú lé: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe ni o, kì í ṣe odù. Ikin àti ọ̀pẹ̀lẹ̀ la fi ń dáfá, a kì í fi òwe dá a.

Kí ló ń mú ẹyẹ ké lóru? Òru ni òwìwí ń ṣọdẹ. Igbe ló fi ń pe ìyàwó, òun náà ló fi ń kìlọ̀ fún òwìwí míì pé ibí ti ní onílé. Àwọn ẹyẹ ọ̀sán náà ń kọrin lóru nígboro. Ní 2007, àwọn onímọ̀ ní Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí i pé ibi tí ariwo ọ̀sán ti pọ̀ ni ẹyẹ robin ti ń kọrin lóru.

Ṣé mò ń sọ pé kò sí Ẹlẹ́yẹ ni? Rárá o. Ọ̀sá Méjì ń bẹ. Àmọ́ ẹyẹ wà lórí ọ̀pá òsùn babaláwo, ó wà lórí adé ọba. Tó bá jẹ́ ibi nìkan ni, kí ló ń wá lórí adé? Agbára àwọn ìyá ni. Ọ̀wọ̀ là ń fún un, a kì í sọ ọ́ lókùúta.

Eku sì ni òwìwí ń jẹ. Eku ló ń kó ibà Lassa wọlé, Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa sì wà lára àwọn tó ń fojú winá rẹ̀ jù. Ẹni tó pa òwìwí, eku ló ṣe lóore.

Ọ̀rúnmìlà ni ẹlẹ́rìí ìpín. Ẹni tó bá jẹ́rìí ohun tí kò rí mọ́ ìyá àgbà, kì í ṣe ọmọ rẹ̀.

Bí ẹyẹ bá ké tí ọkàn yín ò balẹ̀, ẹ wá dáfá. Bí ara ọmọ bá ń gbóná, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù lóru ọjọ́ náà. Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ifá á gbè wá o. Àṣẹ.