Ǹjẹ́ Ọ̀run Nìkan ni Èrè Olùkọ́ Wà?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu tọmọdé tàgbà ní ilẹ̀ wa, pé ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà. Ìyìn ni àwọn tí ó ń sọ ọ́ rò pé àwọn ń yin olùkọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, mo rí i pé àwíjàre ni ó ti dà fún ẹni tí ó gba olùkọ́ sí iṣẹ́ tí kò fẹ́ san owó.

Ẹ jẹ́ kí a mú Apple Junction ṣe àpẹẹrẹ, ní agbègbè Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin àti Fẹ́sítáàkì, ìlú tí ìjọba kọ́ nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú ti 1977. Bí ènìyàn bá dúró níbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, yóò rí ọmọ iléèwé oríṣiríṣi, aṣọ tèyí kò jọ tọ̀hún. Yóò sì rí àwọn olùkọ́ wọn tí ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Iṣẹ́ wà nínú iléèwé aládàáni. Nígbà tí a kà wọ́n ní Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2010 sí 2011, wọ́n lé ní 12,000.

N kò bá ẹni tí ó ní kí a ti àwọn iléèwé náà pa sọ ọ̀rọ̀. Ìjọba Lateef Jakande fẹ́ pa ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ́ ní 1980. Anthony Okogie, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ìjọ Àgùdà, gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́, a sì dá àwọn aládàáni láre ní 1981. Ẹ̀tọ́ onílé-ẹ̀kọ́ ti fìdí múlẹ̀. Ti olùkọ́ ńkọ́?

Òfin owó oṣù tí ó kéré jù lọ ti 2019 yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Nígbà tí a sún owó náà láti 30,000 náírà sí 70,000 ní 2024, a kò mú ìyọsílẹ̀ yìí kúrò. Iléèwé kékeré tí olùkọ́ rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá kò sí lábẹ́ òfin náà.

Onílé-ẹ̀kọ́ yóò wí pé, “N kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni. Mo dárúkọ owó, ó sì gbà.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìwọ̀fà ayé àtijọ́ pàápàá fi ẹnu ara rẹ̀ gbà, síbẹ̀ ó mọ ibi tí iṣẹ́ olówó parí sí. Olùkọ́ tí ó ń gbé ìwé ọmọ ilé lọ láti máàkì ní òru kò mọ ibi tí tirẹ̀ parí sí. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti iléèwé pa ní 2020, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò rí owó oṣù gbà.

Onílé-ẹ̀kọ́ yóò tún wí pé owó tí òbí ń san kò tó nǹkan. Èyí náà lè jẹ́ òótọ́. Àwa òbí àti ọmọ a máa ná owó iléèwé bí ẹni ń ná iṣu lọ́jà. Ohun tí mo rí dì mú ni pé bí owó kò bá tó, kí àìtó náà kan gbogbo wa. Ẹni tí ó jẹ olùkọ́ lówó oṣù méjì, tí ó sì ń kọ́ àjà kejì lé iléèwé rẹ̀, kò lè sọ pé owó kò sí. Ó yá owó lọ́wọ́ olùkọ́ láìtọrọ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń kọ́ èdè. Láti 2018 ni òfin Èkó ti sọ kíkọ́ èdè Yorùbá di dandan nínú gbogbo iléèwé, tìjọba àti taládàáni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa yóò ti ṣiṣẹ́ láìpẹ́. Nítorí náà, kí a béèrè iye owó, wákàtí iṣẹ́ àti owó ìgbà ọlidé, kí a sì gbà á ní kíkọ sílẹ̀ kí a tó wọ kíláàsì. Kí àwọn aṣòfin náà tún ìyọsílẹ̀ yẹn wò.

Bí Ọlọ́run bá ní èrè kan nípamọ́ fún olùkọ́, ẹ̀bùn Rẹ̀ ni. Owó oṣù kì í ṣe ẹ̀bùn. Gbèsè ni, ayé ni a sì ti ń san gbèsè.