Kí Ẹ̀jẹ̀ Yín Máa Ṣàn Geere

Ẹ̀yin ará Súrùlérè, ẹ̀yin ará Yábà, ẹ̀yin ará Mushin, mo wúre fún yín. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ojúlé ní Lawanson, ẹni tó ń ṣí ìsọ̀ lọ́wọ́ ní Tẹ́júoṣó, ẹni tó ń sáré lé mọ́tò lábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gbà: Olódùmarè tó fi ọkàn sí yín láyà, tó sì ní kí ó máa lù láìsinmi láti inú ìyá yín wá, kò ní jẹ́ kó ṣíwọ́ lójijì. Ẹ̀jẹ̀ yín yóò máa ṣàn geere láti orí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ohunkóhun kò ní dí i lọ́nà. Àṣẹ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ni mo gbé síwájú Ọlọ́run lónìí, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Kì í ṣe ọ̀tá láti ilẹ̀ wá. Ẹ̀dọ̀ wa gan-an ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, torí ara ò lè ṣe é tì. Ìgbà tó bá pọ̀ jù ni wàhálà dé. Èyí tí wọ́n ń pè ní LDL á máa rá wọ ara iṣan ẹ̀jẹ̀, á máa nípọn níbẹ̀ lọ́dọọdún, títí ọ̀nà á fi fún pinpin. HDL ní tirẹ̀ ń kó èyí tó ṣẹ́kù padà sí ẹ̀dọ̀. Kí HDL yín pọ̀, kí LDL yín dín kù. Ohun tó ń bani lẹ́rù nípa àìsàn yìí ni pé kì í dunni, kì í wúni, kì í fi ibà kéde ara rẹ̀. Ènìyàn á jẹ, á mu, á jó lóde ní Sátidé, kò ní mọ ohun tó ń lọ lábẹ́ awọ ara òun. Nítorí náà mo bẹ Ọba arínú-róde: fi ohun tó pamọ́ hàn wá nígbà tí àtúnṣe ṣì rọrùn. Kó má jẹ́ ọjọ́ tí apá kan bá kọ̀ tí kò gbéra mọ́ ni a ó kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Rọpárọsẹ̀ kò ní wọ ilé yín. Ìrora àyà kò ní ká yín mọ́ inú gosiló lórí afárá Third Mainland.

Mo wúre fún ẹni tó ti lé lógójì ọdún tí kò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò rí. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé LUTH ní Ìdí-Àràbà, tàbí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ ọn. Kí nọ́ọ̀sì rí iṣan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí àpapọ̀ ọ̀rá inú ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ má dé 200 bí wọ́n bá fi mg/dL kọ ọ́, kó má dé 5.2 bó bá jẹ́ mmol/L ni lábù náà ń lò. Bó bá sì dé bẹ́ẹ̀, tó tún kọjá bẹ́ẹ̀, kí ojú má tì í. Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní alájẹkì. Àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ wà tí tiwọn ga. Àwọn ìdílé wà tó jẹ́ pé àjogúnbá ni, láti ara bàbá dé ara ọmọ. Kí ó bá dókítà pàdé tí yóò fà á mọ́ra, tí yóò jókòó ṣàlàyé fún un ní èdè tó gbọ́, tí kò ní kàn kọ oògùn nà sí i kó sì pe ẹni tó kàn.

Ibi tí àdúrà mi ti gbóná jù ni ìdí abọ́ bàbá. Ẹ wo ìyá ilé bó ti ń bu oúnjẹ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi. Á fi ṣíbí yí ìsàlẹ̀ ìkòkò, á wá ẹran tó tóbi jù, èyí tí ọ̀rá funfun ṣì lẹ̀ mọ́ létí. Á fi ṣàkì lé e, á fi àbọ́dí lé e, á tún wá ẹ̀dọ̀ kan fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Epo tó léfòó lójú ọbẹ̀, á rọra fi ẹnu ṣíbí kó o, á dà á sórí rẹ̀ kó lè dán. Á wá kúnlẹ̀ gbé e kalẹ̀. Ìfẹ́ ló fi ṣe gbogbo rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹran la fi ń mọ ipò ènìyàn nínú ilé: ọmọdé á jẹ egungun, bàbá á jẹ ibi tó lọ́ràá. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lóde ìnáwó. Tábìlì àwọn èèyàn pàtàkì ni wọ́n ń gbé ẹran díndín àti ìgbín lọ léraléra. Ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún jù ni a ń fi ọ̀rá pa jù.

Ọlọ́run ìyá wa, Ọlọ́run bàbá wa, má jẹ́ kí a fi ọ̀wọ̀ pa àwọn tí a fẹ́ràn. Yí ojú ọ̀wọ̀ náà padà fún wa. Kí ìyàwó tó fẹ́ kẹ́ ọkọ rẹ̀ gé ọ̀rá ara ẹran kúrò kó tó gbé e kaná, kó gbọ́n epo ojú ọbẹ̀ nù, kó gbé ẹja ṣáwá tàbí Titus síwájú rẹ̀, kí ọkọ náà má sì bi í pé kí ló fi òun pè. Kí ọkọ tó fẹ́ kẹ́ ìyàwó rẹ̀ bá a wọ ilé ìdáná. Kí ọmọ tó fẹ́ yẹ́ màmá rẹ̀ sí má kàn fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n fi ra ẹran. Kó wá lọ́wọ́ àárọ̀, kó di ọwọ́ màmá mú, kí wọ́n jọ rìn yí àdúgbò ká, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ àná. Ọ̀wọ̀ tí yóò pẹ́ nìyẹn. Àṣẹ Èdùmàrè.

Mo fi àwọn àgbà Ìdíkàn ní Ìbàdàn ṣe ẹ̀bẹ̀. Ní 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ n'Íbàdàn, pẹ̀lú àwọn olùwádìí Yunifásítì Indiana, bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn tó ti pé 65 ọdún sókè wò nílé wọn ní Ìdíkàn, wọ́n sì ń fi wọ́n wé àwọn ènìyàn dúdú tó jẹ́ ẹgbẹ́ wọn ní ìlú Indianapolis l'Ámẹ́ríkà. Àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ni wọ́n ń wá. Osuntokun kú ní 1995 kí èso iṣẹ́ náà tó pọ́n, àwọn bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n Adésọlá Ògúnníyì sì gbé e dé èbúté. Nígbà tí èsì jáde ní 2001, àrùn náà tó ń mú ará Ìbàdàn lọ́dún kan kò tó ìdajì èyí tó ń mú àwọn ti Indianapolis. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò pẹ̀lú: kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù àwọn àgbà wa kéré sí ti àwọn ará ọ̀hún. Kì í ṣe pé àwa la mọ Ọlọ́run jù. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá ní ìpilẹ̀ṣẹ̀; iṣu, ọkà, ẹ̀fọ́ àti ẹja díẹ̀ ni wọ́n ń jẹ n'Ídíkàn, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń lọ ibi tí wọ́n ń lọ. Àwọn olùwádìí ò sọ pé oúnjẹ nìkan ló fa gbogbo rẹ̀, èmi náà ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbà á ládùúrà: ohun tí àwọn àgbà náà ní lọ́wọ́ tí wọn ò fi owó rà, kó má bọ́ lọ́wọ́ àwa tá a wà l'Ékòó. Kí ogbó yín má mú ìgbàgbé dání. Kí ẹ mọ orúkọ ọmọ-ọmọ yín dé ọjọ́ alẹ́.

Bí ẹ bá wọ ọjà Ojúwòyè ní Mushin, kí ojú yín là. Ewédú tó wà níbẹ̀, ilá tó wà níbẹ̀, ẹ̀wà olóyin, ìgbá, ọsàn, ẹ̀pà tí wọn ò fi epo dín: kí Ọlọ́run fi ọwọ́ oògùn sí wọn fún yín, torí òun ló ti fi sí i. Yíyọ̀ inú ilá àti ohun tó jọ ọ́ nínú ẹ̀wà máa ń so mọ́ oje òróòro nínú ìfun, wọ́n á jọ bá ìgbẹ́ jáde. Ara kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ni ẹ̀dọ̀ ti ń ṣe oje náà, nítorí náà á padà lọ fa ọ̀rá nínú ẹ̀jẹ̀ kó lè ṣe òmíràn. Èyí ló mú kí inú mi máa dùn bí mo bá rí àbúlà. Ẹ̀wà ni gbẹ̀gìrì, ewé ni ewédú. Bí èèyàn bá jókòó ní búkà kan ní Shitta tó ní kí wọ́n bu méjèèjì kún abọ́ òun, kí wọ́n dín àmàlà kù, kí wọ́n fi ẹja kan sí i, ó ti tọ́jú ara rẹ̀. Ẹran mẹ́fà tí a ń tò lé e lórí ló ń bà á jẹ́. Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Ẹ̀yin náà kò ní tẹ́ láwùjọ alára líle.

Kí ẹ gba ìmọ̀ nídìí òróró. Wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà sára ike pé kò sí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí nínú òróró kankan tó ti ara ewéko wá. Ẹran, ẹyin àti wàrà ló ní in. Epo pupa wa náà ò ní in. Síbẹ̀, bí ìdajì ọ̀rá inú epo pupa ló jẹ́ irú èyí tó máa ń dì, èyí tó ń ti LDL sókè bí a bá ń dà á láìwọ̀n. Kí Ọlọ́run fún ọwọ́ yín ní òṣùwọ̀n. Kí ṣíbí rọ́pò dída láti inú kẹ́ẹ̀gì. Ọ̀rá ayédèrú tí àwọn iléeṣẹ́ fi ẹ̀rọ sọ di líle, èyí tó burú ju gbogbo wọn lọ fún ọkàn, NAFDAC ti fi òfin 2022 dè é pé kò gbọdọ̀ ju ìdá 2 nínú 100 ọ̀rá inú oúnjẹ lọ. Kí àwọn tó ń ṣọ́ òfin náà má gba rìbá, kí wọ́n má sì sùn.

Ẹ̀yin ìyá alákàrà, mo mọ̀ pé òróró ti wọ́n. Mo ti dúró nídìí agbada láàárọ̀ ní Mushin tí òróró ti dúdú, tó ń hó yẹ̀ẹ̀, tí èéfín rẹ̀ ń ta ojú, tí ìyá náà sì tún ń bu díẹ̀ lé e nítorí pé bó bá dà á nù, èrè ọjọ́ náà ló dà nù. N kò ní bú u. Mo wúre fún un pé kí Ọlọ́run bù sí ọjà rẹ̀ débi pé yóò lè da òróró àná nù láìmí kanlẹ̀. Ẹ̀wà tó lọ̀ yẹn dára. Kí ohun tí yóò fi dín in náà dára.

Mo yí sí ẹsẹ̀ yín. Pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Súrùlérè, tí wọ́n kọ́ fún ìdíje gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ti 1973, níbi tí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ti gbá bọ́ọ̀lù méjì sáwọ̀n Algeria ní 1980 tí a fi gba ife ilẹ̀ Áfíríkà: àyíká rẹ̀ náà ni àwọn ará àdúgbò ti ń sáré láàárọ̀ kùtù. Kí ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìlera àgbáyé ní ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ló yẹ àgbàlagbà, kó rìn kíákíá títí èémí á fi yá díẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lóòjọ́, lẹ́ẹ̀marùn-ún, ti pé e. Mo mọ̀ pé Èkó kì í fúnni láyè. Ẹni tó kúrò nílé láago márùn-ún tó wọlé láago mẹ́wàá alẹ́, níbo ni yóò ti rí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú? Kí Ọlọ́run bá a fi pamọ́ sáàárín ìrìn rẹ̀. Kó bọ́lẹ̀ ní Barracks, kó fi ẹsẹ̀ rìn dé Stadium. Bó bá wọ rélùwéè Red Line ní Yábà, kó gun àtẹ̀gùn, kó fi ẹ̀rọ agbéniròkè sílẹ̀ fún aláboyún àti arúgbó. Kó gba orí afárá ẹlẹ́sẹ̀ dípò kó sọdá láàárín mọ́tò. Yóò fi gba ẹ̀mí rẹ̀ là lọ́nà méjì. Ọ̀kadà kò ní gbá yín. Gọ́tà tó ya ẹnu kò ní gbé yín mì. Orúnkún yín kò ní dùn yín débi tí ẹ ó fi padà sórí àga.

Ẹni tí dókítà sì sọ fún pé oúnjẹ àti ìrìn nìkan kò ní tó o, kó má bínú. Ọlọ́run tó la onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Akira Endo lójú ní Japan ní 1973, tó fi rí èyí àkọ́kọ́ nínú irú oògùn tó ń dín kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kù tí a ń pè ní statin, kì í ṣe Ọlọ́run àwọn ará Japan nìkan. Kí ẹ lo oògùn yín pé. Ẹni tó bá gbé ìgò kan wọ inú bọ́ọ̀sì tó ní àgúnmu òun ń wo àrùn mẹ́tàdínlógún, pé kí ẹ da oògùn ọsibítù nù, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má wọ̀ yín létí. Owó oògùn kò ní wọ́n yín. Ayédèrú kò ní bọ́ sí yín lọ́wọ́.

Ní bí oṣù mẹ́ta sí i, ẹ ó padà lọ sí lábù. Ẹ ó na apá, wọn á fa ẹ̀jẹ̀. Iye tó wà lókè á ti sọ̀ kalẹ̀. Dókítà á wo ìwé náà, á wo ojú yín, á béèrè pé kí lẹ ṣe. Kí ẹ rí ẹnu sọ fún un: ẹ̀wà, ewédú, ẹja, ẹsẹ̀ méjì tí Ọlọ́run fún mi, àti ìyàwó mi tó gé ọ̀rá kúrò lára ẹran mi. Kí aládùúgbò yín tó bá gbọ́ náà lọ yẹ tirẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Àṣẹ. Àṣẹ. Àṣẹ Èdùmàrè.