Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, Kì í Ṣe Ibà Ni

Ó pẹ́ tí ẹ̀rí yìí ti wà lọ́kàn mi, àmọ́ ìtìjú kò jẹ́ kí n la ẹnu, torí ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Èmi ò ní ṣe bí ọlọ́ṣà sí Ọlọ́run tó yọ mí.

Aránṣọ ni mí. Festac ni mò ń gbé, nínú fúláàtì tí bàbá ọkọ mi jẹ nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe bálọ́ọ̀tì àwọn ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn àlejò àjọ̀dún FESTAC ọdún 1977. Ibẹ̀ ni mo ti bí ọmọ mẹ́ta. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Second Gate, àwọn tó sì mọ̀ mí mọ̀ pé èmi kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo lè fi òru mọ́jú lórí aṣọ ẹbí, kí ilẹ̀ mọ́, kí n tún gba Agboju lọ ra ẹja.

Ọmọ ọdún 47 ni mí nígbà tí nǹkan oṣù mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Á wá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù kan, oṣù méjì á tún kọjá kó má yọjú, tó bá sì dé, á máa ya bí omi ẹ̀rọ. Mi ò ka ìyẹn sí. Òru ló dẹ́rù bà mí. Ní nǹkan bí aago méjì, màá ta jí bí ẹni tí wọ́n gbá láyà. Ooru á ru láti abẹ́ ọmú mi, á gba ọrùn gòkè, etí mi á máa hó, òógùn á sì dà bò mí títí ìró tí mo fi bora á fi ṣeé fún. Kò ní pẹ́ tí òtútù á tún mú mi. Bí nẹ́pà bá mú iná lọ, ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ ni mò ń sùn sí. Màá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé táìlì, bí ibẹ̀ bá ti gbóná, màá sún síwájú wá ibòmíràn tó tutù.

Kí lẹ fẹ́ kí èèyàn pe èyí ní Festac wa yìí, níbi tí ẹ̀fọn ti ń kọrin síni létí láti ìrọ̀lẹ́? Ibà ni. Mo lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n po oògùn ibà fún mi. Mo lọ sí láàbù, wọ́n ní ibà wà níbẹ̀, táífọ́ọ̀dù náà wà níbẹ̀. Láàárín oṣù 14, mo lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, mo gba abẹ́rẹ́ tí mi ò lè ka iye rẹ̀, wọ́n sì fa omi sí mi lára lẹ́ẹ̀mejì. Ara á fúyẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Tó bá di òru karùn-ún, ó tún dé.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mò ń wọn ara ìyàwó tuntun kan fún aṣọ ìgbéyàwó. Mo ti fa téèpù yí i nídìí, mo fẹ́ ka nọ́ńbà, ni ooru yẹn bá ru, bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìdérí ìkòkò tí oru rẹ̀ fẹ́ síni lójú. Ẹ̀kán òógùn kan já láti orí imú mi sórí léèsì funfun ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀kán kan péré. Mo rí i bó ṣe ń tàn kálẹ̀ nínú òwú. Mo yíjú sí ìwé mi kí n kọ nọ́ńbà sílẹ̀, nọ́ńbà ti fò lọ lórí mi. Mo tún un wọ̀n, ó tún fò lọ. Ìgbà kẹta, ìyá ìyàwó rọra gba téèpù lọ́wọ́ mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ jókòó, ẹ mu omi." Èmi tó ti ń ránṣọ fún ọdún 25, mo jókòó, mo sunkún lójú kọ́sítọ́mà.

Ọ̀rọ̀ yàrá ńkọ́? N ó sọ ọ́, torí díẹ̀ ló kù kó tú ilé mi ká. Ojú ara mi gbẹ. Bí ọkọ mi bá sún mọ́ mi, ńṣe ló dà bí ẹni ń fi iyanrìn ha egbò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un. Ó rò pé mo ti rí ẹlòmíràn, èmi náà sì rò pé òun ló ti rí ẹlòmíràn. Mo fọgbọ́n bi ìyá kan lọ́jà, ó ní kí n fi ọkọ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, pé obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti ń lọ tó tún ń sún mọ́ ọkọ, ikùn rẹ̀ á wú. Kò dá a sọ. Àwọn ìyá wa gbà á gbọ́, àwọn mìíràn sì rèé, bí ọmọ wọn bá ti bímọ báyìí, wọ́n ti kúrò ní yàrá ọkọ nìyẹn. Àkọ́bí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà. Mo di ẹrù mi, mo kó lọ sí yàrá àwọn ọmọ.

Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn jù, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá mi ni. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ni mí. Nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 11 ní agboolé bàbá mi ní Ọ̀jọ́, ìyá mi máa ń dìde lóru, á ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jẹ́jẹ́, á lọ jókòó létí kànga. Á tú ìró rẹ̀ sílẹ̀, á máa bu omi tútù sí ọrùn àti àyà. Mo máa ń wò ó láti ojú fèrèsé, mi ò pè é rí. Àwọn ará ilé náà rí i. Kí ni obìnrin ń wá níta ní aago méjì òru, tó tún tú aṣọ? Wọn ò jà, wọn ò pariwo. Àwọn ìyàwó ilé kàn bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Ìyá mi gbé orúkọ àjẹ́ wọ sàárè.

Ẹ wá wo èmi náà lóru, nílẹ̀ ilé ìwẹ̀, tí ojú mi là kedere. Wòlíì kan tí wọ́n mú mi lọ bá ní iná ìdílé ìyá ló ń jó mi. Ẹ̀yin ará, mo gbà á. Mo gbàgbọ́ pé ohun tí wọ́n ní ó wà lára ìyá mi ló ti jí lára mi. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mi ò fi gbé ọmọ-ọmọ mi. Tí wọ́n bá gbé e wá, màá ní ọwọ́ ń ro mí. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ pa á lára ni.

Àánú Ọlọ́run bá mi lọ́jọ́ ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ wa, nínú oṣù kẹwàá ọdún 2021. Ìyá àgbà kan wà láàárín wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó dìde, ó ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ni gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ mẹ́nópọ́ọ̀sì, pé òun ò sì ní dákẹ́ mọ́. Pásítọ̀ wà níjókòó. Màmá kò wo ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni ìbora rẹ̀ ń rin lóru nínú yín? Ta ni àyà rẹ̀ ń já, tí kò sì sí ohun tó ń lé e? Ta ló ń gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀? Kì í ṣe ibà. Kì í ṣe ọfà. Nǹkan oṣù ló fẹ́ dá. Èmi náà ṣe é." Ó ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí 18, ó ní bí Bíbélì kò bá tijú láti sọ pé ti Sárà ti dá, kí ló ń ti àwa lójú?

Ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Obìnrin kan na ọwọ́. Òmíràn nà á. Mo ka ọwọ́ mọ́kànlá kí tèmi tó gòkè, nígbà tó sì gòkè, mi ò lè gbé e wálẹ̀ mọ́. Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀pọ̀ ọdún la ti jọ ń jókòó lórí àga kan náà, tí àwa méjèèjì ń fi ìwé ìròyìn ìjọ fẹ́ ara wa, tí a ń bú ooru ọjọ́.

Màmá fúnra rẹ̀ ló mú mi dé ilé ìwòsàn ìjọba. Dókítà tó dá mi lóhùn, ọmọbìnrin ni, kò ju àkọ́bí mi lọ púpọ̀. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, ó yẹ ṣúgà wò, ó yẹ tairọ́ìdì wò, torí òun náà a máa mú kí àyà já kí ara sì gbóná. Ẹ̀jẹ̀ mi ru díẹ̀. Ó wá fi bírò yàwòrán ilé ọmọ àti àpò ẹyin méjèèjì sẹ́yìn páálí. Ó ní iye ẹyin tí obìnrin máa ní láyé ti wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó bí i, bí wọ́n sì ṣe ń tán lọ, bẹ́ẹ̀ ni họ́mónù estrogen ń lọ sílẹ̀. Apá ibi tó ń wọn ooru ara nínú ọpọlọ á wá di ojo. Ooru kékeré tí kò kà sí tẹ́lẹ̀, á rò pé iná ni, á sì pàṣẹ kí òógùn ya. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń ru lójijì, tí òtútù á sì tẹ̀ lé e. Àìtó họ́mónù yìí kan náà ló gbẹ ojú ara, òun ló ń mú kí oríkèé máa ro, òun ló sì lè sọ eegun di ẹlẹgẹ́. Bí oṣù 12 bá pé tí obìnrin kò rí nǹkan oṣù rárá, ó ti dá nìyẹn. Láàárín ọdún 45 sí 55 ni ti ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń dá. Tó bá dá kí obìnrin tó pé 40, kó má jókòó sílé, kó lọ rí dókítà.

Ó tún sọ èyí, mo sì fẹ́ kí gbogbo obìnrin tó ń kà mí fi sọ́kàn: bí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ lẹ́yìn tó ti dá fún ọdún kan, ìbáà ṣe ẹ̀kán kan, ẹ má ṣe ní nǹkan oṣù ló padà wá. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ó lè jẹ́ ohun kékeré, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ ilé ọmọ tó ṣì ṣeé wò.

Mo bi í pé ọjọ́ wo ni yóò tán. Ó ní ìwádìí ńlá kan wà ní Amẹ́ríkà, SWAN ni wọ́n ń pè é, ọdún 1996 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba obìnrin sínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2015, ìdajì àwọn tí ooru náà ń mú léraléra ló bá fínra ju ọdún méje lọ. Ti àwọn aláwọ̀ dúdú gùn jù, ó ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ọdún mẹ́wàá! Mo ronú iye oògùn ibà tí ǹ bá gbé mì. Ní ti oògùn họ́mónù, ó ní ìwádìí kan ní 2002 ló mú kí ọ̀pọ̀ obìnrin máa sá fún un, àmọ́ nígbà tí wọ́n tún un yẹ̀ wò, wọ́n rí i pé fún ẹni tí kò tíì pé 60, tàbí tí kò tíì ju ọdún mẹ́wàá lọ tí tirẹ̀ ti dá, àǹfààní rẹ̀ sábà máa ń ju ewu lọ. Kì í ṣe fún gbogbo èèyàn. Ẹni tí jẹjẹrẹ ọmú ti ṣe rí tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń dì, dókítà ní láti wá ọ̀nà mìíràn fún un. Tèmi, ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n kọ́kọ́ mú wálẹ̀, kí wọ́n tó fún mi ní họ́mónù díẹ̀ àti ìpara tí mò ń lò sójú ara. Owó rẹ̀ kò kéré. Mo dín ata kù lálẹ́, mo sì ń fẹsẹ̀ rìn lórí 7th Avenue ní ìdájí kí ọkọ̀ tó pọ̀. Ooru náà ṣì ń wá, àmọ́ kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀ mìíràn.

Ọmọ mi obìnrin fi fóònù rẹ̀ jẹ́ kí n gbọ́ ètò kan tí Michelle Obama ṣe ní 2020, níbi tó ti sọ bí ooru yìí ṣe mú un nínú hẹlikọ́pítà ààrẹ, nígbà tó ń lọ sí òde tó sì ti wọṣọ tán. Mo sunkún ayọ̀. Ìyàwó ààrẹ!

Nígbà kejì tí mo padà lọ, dókítà ní kí n mú ọkọ mi dání. Ó jókòó, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan ti ojú ara, kò sọ nǹkan kan. A dé ìdí ọkọ̀ kó tó ní, "Ṣé gbogbo èyí ni o dá gbé?" Ó ra fáànù oníbátìrì kékeré kan lọ́nà, lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi ní yàrá wa.

Ẹni kan ṣoṣo ló kù láyé nínú àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n ń pe ọmọ wọn kúrò lọ́dọ̀ ìyá mi. Ó ti lé ní 80. Mo lọ bá a ní Ọ̀jọ́, mo gbé ọmọ-ọmọ mi pọ̀n. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹjọ́ kọ́ ni mo bá wá. Mo fẹ́ sọ ohun tó ń gbé ìyá mi lọ sídìí kànga fún yín." Mo ṣàlàyé rẹ̀ bí dókítà ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó tẹ ojú mọ́lẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò ra etí ìró rẹ̀. Ó pẹ́. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Ó ní, "Mo mọ̀, ọmọ mi. Nígbà tó kan èmi náà, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mò ń lọ jókòó sí. Mi ò lọ sídìí kànga, kí wọ́n má baà rí mi."

Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ní kí n sọ ọmọ kalẹ̀ fún òun.