Asáré Tó Gba Àbùjá, Ta Ló Rẹ́ Jẹ?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń sáré ìdárayá láàárín ìgboro máa ń jiyàn lé lórí, ó sì yẹ kí a gbé e yẹ̀ wò dáadáa, nítorí ohun tó wà nídìí rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ eré lọ. Láti 6 February 2016 ni wọ́n ti ń sá eré ẹlẹ́mìí ẹṣin tí à ń pè ní Marathon ní ìlú Èkó. Pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Sùúrùlérè ni wọ́n ti ń gbéra, wọn a gba orí afárá Third Mainland kọjá, wọn a sì parí rẹ̀ ní Eko Atlantic létí òkun. Kìlómítà 42.195 ni gbogbo rẹ̀. Àwọn ará Kẹ́ńyà àti Etiópíà tó wà níwájú ń sá tiwọn nítorí owó dọ́là. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn wọn: tíṣà, télọ̀, òṣìṣẹ́ báńkì, akẹ́kọ̀ọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ẹnikẹ́ni kò ní fún ní kọ́bọ̀. Mẹ́dàlì ni wọn yóò fi kọ́ wọn lọ́rùn bí wọ́n bá dé òpin, ó parí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọ̀kan nínú àwọn ará ẹ̀yìn yìí yà kúrò lójú ọ̀nà, ó wọ ọkọ̀ gba ibòmíràn, ó sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó ku kìlómítà méjì, ó sáré wọlé, ó gba mẹ́dàlì. Ta ló rẹ́ jẹ? Kò gba owó ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ṣe ipò 4,000 tàbí 5,000, kí ló kan ẹlòmíràn?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ ohun tó wà nínú kìlómítà náà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oṣù ní Èkó tó sì fẹ́ sá a kò lè ṣàì fi oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin múra. Bí ó bá kí ìrun Àsùbáà tán ni yóò wọ bàtà, nítorí bí aago mẹ́jọ bá lù, oòrùn àti èéfín ọkọ̀ kò ní jẹ́ kó gbádùn. Yóò máa yẹra fún gọ́tà tí wọn kò dé lórí, fún dánfó tí kò tan iná, àti fún ajá tó gbà pé olè ni ẹnikẹ́ni tó bá ń sáré. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kìlómítà márùn-ún a fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Nígbà tí oṣù kẹta bá fi máa pé, yóò ti máa sá ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà ní òpin ọ̀sẹ̀. Àwọn arábìnrin wa tó ń fi híjáàbù sáré tún ní tiwọn lọ́tọ̀: ooru aṣọ, àti ẹnu àwọn ọmọ ìta. Bí ó bá di Rámádáánì, ẹlòmíràn a sún tirẹ̀ sí ẹ̀yìn àṣámù.

Ṣúgà tí ara tọ́jú pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan kì í sábà gbé ènìyàn kọjá nǹkan bí kìlómítà 30 sí 32. Ibẹ̀ ni àwọn asáré ń pè ní ògiri. Ẹsẹ̀ a wúwo, ọkàn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ènìyàn jiyàn pé kí ló ń lé e. Kìlómítà mẹ́wàá tó kù lẹ́yìn ògiri yìí ni Marathon gan-an.

Ọ̀rọ̀ bàtà náà tún wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn yóò ra òkìríkà ní Kàtàngúà, láì mọ̀ pé fóòmù ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti kú kó tó dé Nàìjíríà, nítorí bàtà eré kì í sábà gbà ju kìlómítà 500 sí 800 lọ. Ẹlòmíràn yóò ra èyí tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù pẹlẹbẹ sí nínú, irú èyí tí Nike gbé jáde lọ́dún 2017, tó ń ti ẹsẹ̀ síwájú. Àwọn kan ní èrú ni ìyẹn náà. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Àjọ World Athletics ti ṣòfin lọ́dún 2020 pé ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ nípọn ju mìlímítà 40 lọ, gbogbo ènìyàn ló sì ń rí ohun tó wà lẹ́sẹ̀ ẹni. Abebe Bikila ará Etiópíà kò wọ bàtà rárá nígbà tó gba góòlù ní Róòmù lọ́dún 1960. Ìyẹn náà kò fara sin.

Ìdáhùn tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni pé àwọn asáré yòókù ló rẹ́ jẹ. Òótọ́ ni èyí níwájú. Ní ìdíje Olympics ti St. Louis lọ́dún 1904, Fred Lorz wọ mọ́tò fún nǹkan bí máìlì mọ́kànlá, ó sì sáré wọ pápá bí ẹni tó borí, kí àṣírí tó tú tí wọ́n fi fún Thomas Hicks ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní Boston lọ́dún 1980, Rosie Ruiz ni wọ́n dé ládé láàárín àwọn obìnrin. Àṣé ńṣe ló já wọ ojú ọ̀nà nítòsí òpin. Jacqueline Gareau, ọmọ Kánádà tó sá tirẹ̀ pé, ni wọ́n padà fún ní ipò kìíní lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ariwo ayọ̀ ọjọ́ náà, ta ni yóò dá a padà fún un? Níhìn-ín, a mọ ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, a mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó fi èrú wọlé ní ipò 4,000 ńkọ́, ta ni Gareau tirẹ̀? A wá a títí, a kò rí i. Ìdáhùn yìí kò tó.

Ìdáhùn kejì ni àwọn oníwàásù fẹ́ràn: ara rẹ̀ ló tàn jẹ. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn. Bí ó bá jẹ́ pé ara rẹ̀ nìkan ló jẹ ní gbèsè, òun fúnra rẹ̀ lè fi gbèsè náà jin ara rẹ̀, kí ó sì máa bá mẹ́dàlì rẹ̀ lọ.

Lójú tèmi, mẹ́dàlì náà gan-an ni kí a wò. Irin lásán ni. Ohun tó sọ ọ́ di nǹkan ni pé ó ń sọ̀rọ̀: ó ń sọ pé ẹni yìí fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sá kìlómítà 42.195. Ẹ̀rí ni. Nítorí náà, ẹni tó gbé e kọ́ láì sá a ń jẹ́rìí èké, àwọn tó gba ẹ̀rí náà gbọ́ ló sì rẹ́ jẹ: ìyá rẹ̀ tó ń fi fọ́tò han àwọn aládùúgbò, àbúrò rẹ̀ tó rò pé bí ẹ̀gbọ́n òun tí kì í jí sáré bá lè ṣe é, òun náà lè ṣe é láì múra, tó sì lọ dákú lórí afárá.

Ẹ wo ayédèrú owó. Àdánù rẹ̀ kò pin sọ́dọ̀ ẹni tó kù sí lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni ìyá alátà yóò ti máa gbé owó gbogbo wa sókè wò nínú oòrùn, ti olóòótọ́ pẹ̀lú. Arábìnrin tó fi wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀ sá tirẹ̀ pé, bí ó bá mú mẹ́dàlì dé ibi iṣẹ́, wọn a rẹ́rìn-ín: “Ṣé o sá a tán ni, àbí o wọ ọkọ̀?” Ìbéèrè yẹn ni wọ́n fi rẹ́ ẹ jẹ. Òun náà ló fà á tí wọ́n fi ń lẹ ẹ̀rọ kékeré mọ́ nọ́ńbà àyà asáré, kí wọ́n lè mọ ibi tó gbà. Ẹ̀yin tó ń múra ìdánwò WAEC kò ní ṣàì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Ẹni tó ra ìdáhùn máa ń wí pé òun kò gba ààyè ẹnikẹ́ni. Kí ló wá dé tí àwọn yunifásítì fi ń tún ìdánwò ṣe fún ẹni tó ti ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́?

Nítorí pé ẹ̀rí ni, kò sí ipò tó kéré jù fún òtítọ́. Sarah Attar wà lára àwọn obìnrin méjì àkọ́kọ́ tí Saudi rán lọ sí Olympics, ní London lọ́dún 2012. Ó bo orí, ó sá 800 mítà, àwọn yòókù fi í sílẹ̀ jìnnà, síbẹ̀ àwọn òǹwòran dìde kí i. Ní Rio lọ́dún 2016 ó sá Marathon, ó lo wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 16, ó ṣe ipò 132 nínú 133 tó parí rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè gba 132 yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) náà bá ìyàwó rẹ̀ Áíṣà sáré. Áíṣà ló borí lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tó pẹ́ tí Áíṣà ti sanra, Ànábì borí, ó sì fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé èyí dípò tìjelòó. Eré tọkọtaya lásán ni, síbẹ̀ wọn kò yí ẹni tó borí lákọ̀ọ́kọ́ padà.

Ẹlòmíràn yóò ní, àwọn tó ń sá a pé nítorí ṣekárími ńkọ́? Wọ́n ra aago ọwọ́ tó ń ka kìlómítà, àràárọ̀ ni wọ́n ń gbé e sórí Strava kí ayé lè rí i. N kò ní yìn wọ́n, ṣùgbọ́n n kò ní kà wọ́n mọ́ ẹni èkejì yẹn. Ohun tí wọ́n sọ jẹ́ òtítọ́. Àníyàn wọn wà láàárín àwọn àti Ọlọ́hun. (Ẹni tó bá tan aago rẹ̀ nínú dánfó ti kúrò ní ṣekárími o.) Ti ẹni tó gba àbùjá wọ inú ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, àwọn àáfáà wa sì kọ́ wa pé túúbá nìkan kò tó níbẹ̀, a gbọ́dọ̀ dá ẹ̀tọ́ padà fún ẹni tó ni ín. Dídá mẹ́dàlì padà nìkan kọ́. Yóò lọ sọ fún ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti le.

Ó ku ẹnìkan tó lè rò pé òun ti bọ́: ẹni tó gba mẹ́dàlì náà tí kò fi han ẹnikẹ́ni, tó jù ú sínú àpótí. Kò jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni, àbí? Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan wà ní òpin ọ̀nà, tó ti dúró sínú oòrùn láti àárọ̀ pẹ̀lú àwọn mẹ́dàlì lọ́wọ́. Ó wo òógùn ojú rẹ̀, ó fi ọ̀kan kọ́ ọ lọ́rùn, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n.” Òun náà gbà á gbọ́.