Àjàlá Lókè Àjà

Ọ̀run pàápàá ní oníṣẹ́ ọwọ́ tó máa ń sá fún olówó. Àjàlá ni orúkọ rẹ̀. Amọ̀ ló fi ń mọ orí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni gbogbo ẹni tó ń bọ̀ wá sáyé ti ń yan tirẹ̀. Iṣẹ́ ń wọlé fún un, àmọ́ gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Tó bá ti gbóhùn olówó, òkè àjà ló ń sá lọ.

Nínú ìtàn Ifá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1976, ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló fẹ́ lọ yan orí. Oríṣéẹ̀kú ọmọ Ògún àti Orílèémèrè ọmọ Ìja ò bá Àjàlá nílé. Wọ́n bá fúnra wọn mú èyí tó dùn ún wò, wọn ò mọ̀ pé kò jinná. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí ń jẹ dànù. Nígbà tí wọ́n dáyé, wọ́n ṣiṣẹ́ títí, àtúnṣe orí ló ń gbé gbogbo èrè wọn lọ. Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà ní tirẹ̀ rúbọ kó tó lọ. Ó bá olówó nílé Àjàlá, ó sì san gbèsè náà. Ìgbà yẹn ni Àjàlá tó sọ̀ kalẹ̀, tó fi ọ̀pá irin lu orí wò, tó sì bá a yan èyí tó dára.

Ẹbọ àti àyànmọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi ìtàn yìí kọ́ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ká bi nípa orí tí kò jinná? Àjàlá mọṣẹ́, ọ̀pá irin sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú tí yóò fi wo olówó ni kò ní, àìsínílé rẹ̀ ló sì ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Irú Àjàlá pọ̀ ní Ajégúnlẹ̀ l'Ékòó. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí aṣọ ẹbí ọjọ́ Sátidé ò tíì kúrò lórí ẹ̀rọ, ọ̀gá télọ̀ á ti pa fóònù. Ọmọ iṣẹ́ ló kù tó ń wí pé, "Ẹ má bínú mà, ọ̀gá ò sí nílé, wọ́n lọ ra òwú." Ọ̀gá wà lẹ́yìn kọ́tìnì! Bí ọmọ yẹn ṣe ń kọ́ aṣọ gígé ló ń kọ́ irọ́ pípa, lọ́jọ́ tó bá sì gba òmìnira, méjèèjì ni yóò gbé lọ.

Ní Snake Island, tó kọjú sí èbúté Tin Can tí wọ́n ṣí ní 1977, omi tún dá kún un. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé páálí ọjà lọ bá oníṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Ẹni tó bá ràwìn ní Apápá tó sì sọdá ti rí àjà tó ga ju ti Àjàlá lọ.

Gbèsè fúnra rẹ̀ kọ́ lẹ̀ṣẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, àti jẹnẹrétọ̀ télọ̀ àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń jẹ èrè. Àlùkùránì ò ní kí èèyàn má yá owó. Súrà Bákárà ẹsẹ 282, tó gùn jù nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ gbèsè ló dá lé: kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí wà, kí ẹni tó jẹ ẹ́ gan-an sì máa pè é fún akọ̀wé. Ẹnu onígbèsè ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Nínú òwe tálẹ́ńtì ní Mátíù orí 25 ẹ̀wẹ̀, olówó fi owó sílẹ̀ fún àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀, ó rìnrìn àjò, àmọ́ ó padà wá bá wọn ṣírò owó.

Oníṣọ́ọ̀bù tó ń gbèrò ààwẹ̀ tàbí ẹbọ nítorí ọjà tí kò tà, ẹ tan fóònù yín ná. Ẹ pe ẹni tí ẹ jẹ lówó, ẹ sọ iye tó wà lọ́wọ́ àti ọjọ́ tí ìyókù yóò dé. Tọ́jọ́ náà bá pé, ẹ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù.