INÚ ÀWO TÍ ẸNÌKAN KÒ RÍ

Ka: Mátíù 23:25-28, Léfítíkù 25:14

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ní òwúrọ̀ yìí. Bí ènìyàn kò bá fi ẹnu rẹ̀ parọ́, ṣùgbọ́n tí ó dákẹ́ lórí ohun tí ó mọ̀, ṣé ó ti parọ́? Má tíì dáhùn. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Nígbà tí mo wà ní pólì, ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan ní Òrù ni mo ti máa ń ṣiṣẹ́ bí a bá gba ìsinmi. Ọ̀gá mi ní ẹ̀rọ léèdì, èyí tí ń mú igi yí bírí-bírí nígbà tí oníṣẹ́ bá ń fi irin ẹnu mímú fá a. Ẹsẹ̀ àga àti òpó àtẹ̀gùn ni a sábà máa ń fi í ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi tún ń fi ṣe àwo àti ọpọ́n. Sọ́míìlì Ìjẹ̀bú-Igbó ni a ti ń ra gẹdú.

Igi tútù kún fún omi. Bí ó bá ń gbẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbẹ, tí yóò sì sún kì, nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù. Ibẹ̀ ni igi ti ń sán. Nítorí náà, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kì í yí àwo parí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àwo bá fẹ̀ tó ínǹṣì 10, yóò jẹ́ kí ara rẹ̀ nípọn tó bí ínǹṣì 1, yóò sì gbé e sí ibi tí oòrùn kò dé fún oṣù púpọ̀. Àwo náà yóò wọ́ díẹ̀ bí ó ti ń gbẹ. Nígbà náà ni yóò wá dá a padà sórí ẹ̀rọ, tí yóò yí i dé ojú àmì.

Ní ọdún kan, ìjọ wa ní kí n ṣe igbá ọrẹ mẹ́rin fún ìkórè. Ọjọ́ ti súnmọ́, mo sì nílò owó ilé-ìwé. N kò dúró. Igi ọ̀gànwó tútù ni mo yí parí. Kí n tó kó wọn lọ, mo rí i pé ọ̀kan ti sán tẹ́ẹ́rẹ́ nídìí. Mo po lẹ́búlẹ́bú igi mọ́ gọ́ọ̀mù, mo fi dí i, mo fi sáńpépà ha á, mo sì fi fáníìṣì kùn ún. Ó ń kọ mànà. Àwọn alàgbà yìn mí. Kò sí ẹni tí ó bi mí bóyá ó sán, èmi náà kò sì sọ pé kò sán.

Ọyẹ́ dé ní oṣù kìíní. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, bí màmá àgbà kan nínú àwọn ọ́ṣà ṣe ń gbé igbá ọrẹ bọ̀ níwájú pẹpẹ, igbá náà là sí méjì. Owó fọ́n ká ilẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní, “Màmá, ọwọ́ yín ti ń gbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ gba iṣẹ́ yìí.” Màmá kò fèsì. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì kẹta, mo sì dákẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, n kò rí màmá láàárín àwọn ọ́ṣà mọ́.

Mo ń sọ fún ara mi pé, “N kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni.” Òótọ́ ni, ẹnu mi kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n fáníìṣì mi sọ̀rọ̀. Mo fi kùn ún kí ojú lè gbà pé igi náà pé. Ohun tí a bá ṣe kí ẹlòmíràn lè gba irọ́ gbọ́, irọ́ ni, ì báà jẹ́ ẹnu ni a fi ṣe é tàbí ọwọ́.

Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá mi, ó ní, “Gbogbo wa la ń fi gọ́ọ̀mù dí igi. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí oníbàárà bá mọ̀, àtúnṣe ni. Bí kò bá mọ̀, olè ni.”

O lè sọ pé, “Pásítọ̀, ṣé gbogbo ohun tí ó wà nínú mi ni kí n máa tú síta?” Rárá o. Àṣírí yàtọ̀ sí ẹ̀tàn. Kò sí ẹni tí ó ní kí o máa ka ẹ̀ṣẹ̀ tí Ọlọ́run ti dárí rẹ̀ jì ọ́ fún gbogbo àdúgbò. Ohun tí mo fi ń mọ ìyàtọ̀ nìyí: ta ni yóò ru ẹrù ohun tí mo fi pamọ́? Bí ó bá jẹ́ èmi nìkan, àṣírí mi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jókòó lórí àga ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ pé ẹsẹ̀ àga náà ti sán. Ẹni tí ó fẹ́ ra ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ pé ẹjọ́ wà lórí rẹ̀. Arábìnrin tí o fẹ́ gbé níyàwó ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ pé AS ni ọ́. Bí òun náà bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ náà jẹ́ SS, ọmọ náà ni yóò sì máa jẹ ìrora ohun tí o fi pamọ́.

“Bí mo bá sọ ọ́, n kò ní rí i tà.” Ó lè rí bẹ́ẹ̀. N kò ní tàn ọ́ pé òtítọ́ kì í náni lówó. Ṣùgbọ́n owó tí ìwọ kọ̀ láti san, ẹlòmíràn ni yóò san án.

Irú àwo kan wà tí ó ṣòro jù: ẹnu rẹ̀ há, inú rẹ̀ sì gbòòrò bí akèrègbè. Ojú kò lè tẹ̀lé irin wọ inú rẹ̀. Ìró igi àti bí ó ti ń ṣe lọ́wọ́ ni oníṣẹ́ fi ń mọ ibi tí irin dé. Bí inú bá nípọn lápá kan tí ó sì fẹ́lẹ́ lápá kejì, ọ̀kan yóò yára gbẹ ju èkejì lọ, àwo náà lè sán. Inú tí ẹnìkan kò rí ni ó ń pinnu bí ẹ̀yìn yóò ṣe pẹ́ tó. Abájọ tí Jésù, ẹni tí àwọn ará ìlú rẹ̀ mọ̀ sí gbẹ́nàgbẹ́nà, fi ní kí àwọn Farisí kọ́kọ́ fọ inú ife.

Olówè ará Ìsè-Èkìtì, agbẹ́gilére tí ó kú ní 1938, kò lo léèdì. Ọpọ́n kan tí ó gbẹ́ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington, ní Amẹ́ríkà. Lábẹ́ rẹ̀, láàárín àwọn ère tí ó gbé ọpọ́n náà dúró, ó gbẹ́ orí kan tí ń yí kiri, tí kò sì ṣeé mú jáde. Kì í ṣe ère ni mo ń yìn. Mo ń wo ẹni tí ó farabalẹ̀ ṣiṣẹ́ níbi tí ojú kò fi bẹ́ẹ̀ dé. Ìwọ tí o mọ Ọlọ́run tí ń rí ìkọ̀kọ̀ ńkọ́?

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo lọ bá màmá nílé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó wò mí títí. Ó ní, “Ọmọ mi, èmi alára ti ń gbà pé lóòótọ́ ni ọwọ́ mi ń gbọ̀n.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ìtìjú tí mo jẹ́ níwájú ìjọ ní ọjọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀lé e lọ. Mo yí igbá mìíràn. Mo dúró oṣù mẹ́fà kí ó gbẹ. Màmá ni ó kọ́kọ́ gbé e.

Olùfẹ́, ta ni ó ń ru ẹ̀bi ohun tí ìwọ fi fáníìṣì bò? Má jẹ́ kí ọyẹ́ tú u fún ọ. Lọ bá a lónìí.

ÀDÚRÀ
1. Bàbá, dárí jì mí fún gbogbo ibi tí ọwọ́ mi ti parọ́ nígbà tí ẹnu mi dákẹ́.
2. Olúwa, fún mi ní ìgboyà láti tú ẹni tí ó ń ru ẹ̀bi mi sílẹ̀.
3. Wẹ inú mi mọ́, kí n lè jẹ́ ohun èlò tí ó wúlò fún Ọ, ní orúkọ Jésù. Àmín.