Owó Ìfẹ̀yìntì, Wúrà, àti Ẹ̀tọ́ Ọlọ́hun Lórí Rẹ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba Olùpèsè, Ẹni tí arìsìkí gbogbo ẹ̀dá wà lọ́wọ́ Rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń sọ fún ara mi kí n tó sọ fún yín pé kí á bẹ̀rù Ọlọ́hun.

Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti yí ètò pàṣípààrọ̀ owó padà, iye náírà lójú dọ́là ti wálẹ̀ gidigidi. Owó tí òṣìṣẹ́ fi ọdún 35 kó jọ ń yọ́ bí òrí tí oòrùn ń pa. Ìdí nìyí tí àwọn bàbá àti ìyá wa tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì fi ń béèrè pé: ǹjẹ́ a lè fi owó ìfẹ̀yìntì ra wúrà àti fàdákà pamọ́? Ìdáhùn wa ni pé hàlálì ni. Ẹ̀sìn wa kò kọ̀ kí ènìyàn dáàbò bo dúkìá rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tí ó kúrò ní báńkì tí ó di wúrà kò tíì kúrò lábẹ́ òfin Ọlọ́hun. Ohun mẹ́ta ni kí á mú dání.

Èkíní ni bí a ṣe ń rà á. Hádíìsì Ubaadah ọmọ Saamit, tí ó wà nínú Sahih Muslim, kọ́ wa pé lọ́wọ́-sí-lọ́wọ́ ni pàṣípààrọ̀ wúrà àti fàdákà. Ní ọdún 1986, àwọn onímọ̀ fíkìhì àgbáyé pàdé ní ìlú Amman, wọ́n sì fẹnu kò pé ìdájọ́ wúrà àti fàdákà náà ni ti owó bébà. Nítorí náà, ẹni tí ó san náírà lónìí láti gba wúrà lóṣù tí ń bọ̀, tàbí tí ó ra wúrà láwìn, ti kó sínú èlé. Kí owó tó jáde, kí wúrà ti wà níwájú wa, kí á ti wọ̀n ọ́n, kí á sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ààbò lọ́wọ́ oníjìbìtì náà nìyẹn: ẹni tí kò ní wúrà nílẹ̀ ni ó máa ń ta ìlérí.

Èkejì ni sàká. Nínú Súúrátu Taobah, ààyà 34 àti 35, Ọlọ́hun ṣe ìlérí ìyà ẹlẹ́ta-eléro fún àwọn tí ń kó wúrà àti fàdákà jọ láì ná an sójú ọ̀nà Rẹ̀. Bí wúrà bá tó gíráàmù 85, tàbí tí fàdákà tó gíráàmù 595, tí ọdún òṣùpá kan sì yí lé e lórí, ìdá kan nínú ogójì rẹ̀ di ẹ̀tọ́ aláìní. Ẹni tí ó ní gíráàmù 120 yóò yọ gíráàmù 3, tàbí iye owó rẹ̀ lọ́jà. Àwọn kan ń sọ pé, "Ẹ̀gbà ọrùn ni mo rà, ọ̀ṣọ́ kò ní sàká." Lóòótọ́, ní mádíhábì Málíkì tí à ń tọ̀, kò sí sàká lórí ọ̀ṣọ́ tí obìnrin ń lò. Ṣùgbọ́n èyí tí a rà pamọ́ de ọjọ́ àìní, owó ni, sàká sì wà lórí rẹ̀. Ọlọ́hun mọ èrò tí a fi rà á.

Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ní oṣù kìíní ọdún 1980, áńǹsì wúrà kan tó nǹkan bí dọ́là 850 ní ọjà àgbáyé. Ó wálẹ̀ lẹ́yìn náà, kò sì kọjá iye yẹn títí di ọdún 2008. Ẹni 60 ọdún tí ó rà á lọ́jọ́ yẹn yóò ti di ẹni 88 kí owó rẹ̀ tó padà pé. Nítorí náà, kí owó oúnjẹ, owó oògùn àti gbèsè kọ́kọ́ dúró lọ́tọ̀. Ànábì sì kọ́ wa pé kí ẹni tí ó ní dúkìá má ṣe sun òru méjì láìkọ wàsíyà rẹ̀ sílẹ̀. Wúrà tí bàbá rì mọ́lẹ̀ láì sọ fún ẹnikẹ́ni, ogún àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó sin. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹ fọkàn tán mọ iye rẹ̀ àti ibi tí ó wà, kí ẹlẹ́rìí méjì sì mọ̀ sí i.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ohun tí àwọn àgbà wa làágùn kó jọ, kí Ó má sì jẹ́ kí ó di ẹ̀rí lòdì sí wa ní Ọjọ́ Ìgbéǹde. Àmín.